Ẹ Má Jẹ̀ẹ́ Kí Ìwé Ìyanu Kú Mọ́ Wa Lọ́wọ́

Lọ́sẹ̀ tó kọjá, ọ̀rọ̀ ẹ̀jẹ̀ ríru la sọ, mo sì ṣèlérí pé a máa tẹ̀síwájú lórí iyọ̀ àti magí. Ẹ jọ̀ọ́, ẹ fún mi láyè, iyọ̀ kò ní í sá lọ. Ọ̀rọ̀ kan ló ṣẹlẹ̀ ní agbo ilé wa níbí ní Ara, ó sì ká mi lára débi pé mi ò lè gbé e tì.

Ọmọ àbúrò mi obìnrin, ọmọ ọdún mẹ́wàá, ló mú ìwé kan lọ sí ilé ẹ̀kọ́. Ìwé alàwòrán ni, èyí tí àwọn ọmọ ń pè ní kọ́míìkì. Ìbátan wa kan tó wà l'Amẹ́ríkà ló fi ránṣẹ́. Bí olùkọ́ ṣe rí i lọ́wọ́ rẹ̀ ló gbà á, ó ní ìwé ìranù ni, ó ní ìwé gidi kì í ní àwòrán ní gbogbo ojú ewé. Ọ̀sẹ̀ méjì gbáko ni ìwé yẹn fi wà ní àtìmọ́lé. Nígbà tí mo fi máa lọ bẹ̀bẹ̀ kí wọ́n tó yọ̀ǹda rẹ̀, èèpo ẹ̀yìn rẹ̀ ti ya. Mi ò bá olùkọ́ náà jà o. Ohun tó sọ yẹn, èmi náà ti sọ ọ́ rí, ó sì ṣeé ṣe kí ẹ̀yin náà ti sọ ọ́ rí. Ṣùgbọ́n ẹ jẹ́ kí n ròyìn ohun tí mo fojú ara mi rí.

Ọmọ tí mo ń sọ yìí, kí ìwé yẹn tó dé, ẹkún ni ìwé kíkà jẹ́ fún un. Bí ẹ bá ní kó ka ojú ewé kan péré, orí á máa fọ́ ọ, inú á máa run ún, òùngbẹ á máa gbẹ ẹ́, ìtọ̀ á máa gbọ̀n ọ́n. Bí a bá fẹ́ fi ojú oníṣègùn wò ó, kò sí àìsàn tí kì í ṣe é nígbà tí ìwé bá délẹ̀. Ṣùgbọ́n lọ́jọ́ tí ìwé alàwòrán yìí dé, ó fẹ̀yìn ti ògiri, ó kà á títí ilẹ̀ fi ṣú. Nígbà tí wọ́n mú iná lọ, ó wá tọ́ọ̀ṣì. Lọ́jọ́ kejì, ó ti ń kà á fún àwọn àbúrò rẹ̀. Nígbà tó fi máa di ọjọ́ kẹta, ìyá wa àgbà tí kò mọ ìwé ti ń bi í pé, “Ọmọdébìnrin yẹn ńkọ́? Ṣé ó ti bọ́ lọ́wọ́ àwọn ẹranko burúkú yẹn?”

Orúkọ ìwé náà ni Iyanu: Child of Wonder. Roye Okupe, ọmọ Nàìjíríà tó kọjá sí Amẹ́ríkà ní 2002, ló kọ ọ́. Godwin Akpan ló ya àwọn àwòrán inú rẹ̀. Ilé ìtẹ̀wé kan tí wọ́n ń pè ní Dark Horse ló gbé ìwé kìíní jáde ní 2021, ìkejì àti ìkẹta sì tẹ̀lé e títí di 2023. Ní oṣù kẹrin ọdún 2025, wọ́n sọ ọ́ di eré alàwòrán lórí tẹlifíṣàn Cartoon Network l'Amẹ́ríkà, àwọn òṣèré tiwa bíi Shaffy Bello àti Adesua Etomi sì wà lára àwọn tó fi ohùn wọn ṣe é.

Ìtàn ibẹ̀ kò le. Ọmọdébìnrin aláìlóbìí kan ń gbé lẹ́yìn odi ìlú ńlá tí wọ́n ń pè ní Elu, lọ́dọ̀ ìyá àgbàlagbà kan tó gbà á tọ́. Àwọn ẹranko tí ègún ti bà jẹ́ ń da àwọn ènìyàn láàmú, gbogbo ìlú sì sá pamọ́ sẹ́yìn odi. Ọmọ yìí kò mọ̀ pé agbára kan wà lára òun, àfìgbà tí ó jáde láìròtẹ́lẹ̀. Òun àti àwọn ọ̀rẹ́ rẹ̀ ọkùnrin méjì, Biyi àti Toye, ni wọ́n jọ ń rìn ín. Aṣọ ilẹ̀ wa ni wọ́n wọ̀, irun wọn jẹ́ irun wa, orúkọ wọn jẹ́ orúkọ tí ẹ lè pè ní ojúde yín kí ọmọ mẹ́ta dáhùn.

Ìjà wà níbẹ̀ o, nítorí ìwé akọni ni. Ṣùgbọ́n mo ṣí i láti ìbẹ̀rẹ̀ dé òpin, mi ò rí ojú ewé kan tí mo ní láti fi ọwọ́ bò nígbà tí ọmọ jókòó tì mí. Kò sí ìhòòhò, kò sí èébú, kò sí ẹni tó ń mu ọtí kó tó lè di akíkanjú. Ẹ̀yin tí ẹ bá ti tan tẹlifíṣàn lójú àwọn ọmọ yín láìpẹ́ yìí, ẹ mọ ohun tí mo ń sọ.

Àbùkù rẹ̀ ńkọ́? Ó ní. Èdè Gẹ̀ẹ́sì ni wọ́n fi kọ ọ́, kò sì sí àmì lórí àwọn orúkọ Yorùbá inú rẹ̀. Ìyá tó tọ́ ọmọ náà, “Olori” ni wọ́n kọ. Nílé wa, ìjà ńlá ni ọ̀rọ̀ yẹn dá sílẹ̀. Ọ̀kan ní olorì ni, ìyàwó ọba. Èkejì ní olórí ni, ẹni tó ń ṣáájú. Ìyá àgbà ní kí wọ́n ka ohun tí obìnrin náà ṣe fún òun ná, nígbà tí wọ́n kà á tán, wọ́n ní, “Ẹni tó gba ọmọ ọlọ́mọ tọ́, èyí tó bá wù yín nínú méjèèjì ni kí ẹ pè é, ó tọ́ sí i.” Ẹ wò ó, ọmọ tí kì í kàwé ló jókòó tó ń jiyàn lórí àmì ohùn yìí o! Olùkọ́ wo ló máa fi pàṣán ṣe irú iṣẹ́ yẹn?

Mo mọ̀ pé àwọn kan á ní kí la fẹ́ fi akọni inú ìwé ṣe. Ẹ jọ̀ọ́, àwa tí a wà ní sàkáání Ẹdẹ nìkan kọ́ ló yẹ kó béèrè ìyẹn. Ta ni kò gbọ́ ìtàn Tìmì Agbalé Ọlọ́fà-iná, tí Ṣàngó rán wá láti Ọ̀yọ́ kó wá máa ṣọ́ ibodè? Ọfà tó bá ta, iná ni. Gbọ̀nkáà ń bọ̀ wá mú un, iná ọfà kò mú Gbọ̀nkáà, àwọn méjèèjì wọ̀yá ìjà. Nígbà tí Dúró Ládiípọ̀ gbé ìtàn yìí sórí ìtàgé nínú Ọba Kò So ní Òṣogbo ní 1963, ṣé ẹnikẹ́ni sọ pé ìranù ni? Kí a tó gbọ́ orúkọ Superman la ti ní ẹni tó ń fi ọfà dáná. Ohun tí a kò ṣe ni pé a kò yà á sínú ìwé tí ọmọ ọdún mẹ́wàá lè gbé sábẹ́ ìrọ̀rí.

Èyí tí wọ́n bá sì yà fún wa, a kì í jẹ́ kó pẹ́. Ibi tí ọ̀rọ̀ ti dùn mí gan-an nìyí.

Àwọn àgbà láàárín wa á rántí Àwòrẹ́rìn-ín, ìwé àwọn ọmọdé tí ìjọba Ìwọ̀-Oòrùn ń tẹ̀ ní Ìbàdàn láyé ìgbà yẹn. Wọ́n á rántí Atọ́ka, tó bẹ̀rẹ̀ ní 1967, tí wọ́n fi fọ́tò àwọn òṣèré alárìnjó ṣe, tí ọ̀rọ̀ Yorùbá wà lẹ́nu wọn. Bàbá ń kà á, ọmọ ń kà á, ẹni tí kò mọ̀wé ń wo fọ́tò rẹ̀. Ó lò ju ogún ọdún lọ. Nígbà tí ètò ọrọ̀ ajé SAP ti 1986 sọ bébà di góòlù, agbára wa kò ká a mọ́, nígbà tó sì máa fi wọ àárín àwọn ọdún 1990, a kò rí i lọ́wọ́ fẹ́ńdọ̀ mọ́. Lance Spearman náà wà, ọ̀gbẹ́ni oníbọn tó ń dé fìlà òyìnbó, tí àwọn Drum ń gbé jáde nínú African Film ní ìparí àwọn ọdún 1960. Akíkanjú ni lóòótọ́, ṣùgbọ́n sìgá rẹ̀ pọ̀ ju èyí tí mo lè kó síwájú ọmọ lọ. Captain Africa wà ní ìparí àwọn ọdún 1980, èyí tí Andy Akman, ọmọ ilẹ̀ Gánà, yà. Òun náà lọ.

Ṣùgbọ́n èyí tó máa ń yà mí lẹ́nu jù ni Powerman. Ní 1975, àwọn kan ní Lọ́ńdọ̀nù rí i pé ọjà wà ní Nàìjíríà fún ìwé akọni tó jẹ́ adúláwọ̀, wọ́n sì ṣe é fún wa. Don Avenell àti Norman Worker ló ń kọ ìtàn rẹ̀. Àwọn ọmọkùnrin òyìnbó méjì tí wọ́n ṣẹ̀ṣẹ̀ ń wá iṣẹ́ ló ń yà á ní àyípo, Dave Gibbons àti Brian Bolland. Powerman lágbára bí erin, ṣùgbọ́n ejò ni èèwọ̀ rẹ̀. Ejò ló lè mú un. Wọ́n tún fi nọ́ńbà sórí àwòrán kọ̀ọ̀kan, kí àwọn òǹkàwé níbí má bàa ṣìnà láti àwòrán kan sí èkejì. (Ẹ wo àbùkù! Àwa tí a ti ń ka Atọ́ka láti bí ọdún mẹ́jọ ṣáájú ni wọ́n ń kọ́ ní bí a ṣe ń tẹ̀lé àwòrán.) Wọ́n tà á níbí, àwọn ọmọ kà á, ó kásẹ̀ nílẹ̀. Nígbà tí wọ́n tún un tẹ̀ ní ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì ní 1988, orúkọ mìíràn ni wọ́n fún un, Powerbolt, nítorí Marvel ti ní Power Man tirẹ̀.

Kí ló wá ṣẹlẹ̀ sí àwọn ọmọkùnrin méjì yẹn? Gibbons ló ya Watchmen ní 1986, Bolland ló ya ìwé Batman kan tó lókìkí ní 1988, The Killing Joke. Gbogbo ayé ló mọ̀ wọ́n báyìí. Orí ìwé tí wọ́n ń tà fún àwọn ọmọ wa ni wọ́n ti kọ́ṣẹ́. Àwa tí wọ́n fi ìwé wa kọ́ṣẹ́, ẹ dé ojà kí ẹ béèrè Powerman, ẹ ó rí i bóyá ẹnì kan á mọ ohun tí ẹ ń sọ.

Bí ẹnì kan bá wá ní àyànmọ́ irú ìwé bẹ́ẹ̀ ni pé kó kú, irọ́ ni. Ẹ gbọ́ ti Spider-Girl. Marvel l'Amẹ́ríkà ló ń tẹ̀ ẹ́ láti 1998, Tom DeFalco ló ń kọ ọ́. Ọmọbìnrin Spider-Man ni, May ni wọ́n ń pè é, ọmọ ilé ẹ̀kọ́ girama tó ń gbé lọ́dọ̀ bàbá àti ìyá rẹ̀, tí wọ́n ń bá a wí bó bá pẹ́ níta, bí ó tilẹ̀ jẹ́ pé ọ̀daràn ló lọ mú. Ìwé ilé ni, ìwé tí òbí lè kà. Kò tà bíi ti àwọn ẹgbẹ́ rẹ̀, ó sì ju ìgbà kan lọ tí ilé iṣẹ́ náà kéde pé àwọn fẹ́ dá a dúró. Gbogbo ìgbà yẹn ni àwọn òǹkàwé ń kọ lẹ́tà, tí wọ́n ń pariwo. Ó dé ẹ̀dà ọgọ́rùn-ún ní 2006. Wọ́n tún yí orúkọ rẹ̀ díẹ̀, ó tún lọ títí di 2009. Lẹ́tà lásán ló fi ọ̀pọ̀ ọdún kún ẹ̀mí ọmọ yẹn.

N kò sọ pé wọ́n ti kéde ikú Ìyanu o. Ohun tí mo ń sọ ni pé ẹni tó ń tẹ ìwé, iye ẹni tó rà á ló ń kà, kò lè ka iye ẹni tó wù. Bí àwọn tí ìtàn náà jẹ́ tiwọn kò bá rà á, tí wọn kò béèrè rẹ̀ ní ilé ìtàwé, tí wọn kò sọ fún ilé ẹ̀kọ́ pé kí wọ́n fi sí láíbìrì, kí ló fẹ́ mú un dúró? Ẹ jẹ́ ká tètè sọ̀rọ̀ kí wọ́n tó kéde. Nígbà ti Atọ́ka, a dákẹ́.

Ọ̀rọ̀ owó ló kù. Owó tí wọ́n kọ sẹ́yìn ìwé kan jẹ́ dọ́là 20 ó dín díẹ̀. Bí a bá ṣírò rẹ̀ ní iye tí dọ́là jẹ́ ní 2025, ó lé tàbí ó dín díẹ̀ ní 30,000 náírà, kí ẹ tó fi owó ọkọ̀ kún un. Mo mọ̀ pé àwọn kan ti gbé ìwé ìròyìn yìí sílẹ̀ báyìí. Ẹ gbé e padà, ẹ gbọ́ ohun tí àwa ṣe. Àjọ la dá. Ilé mẹ́wàá, 1,000 náírà lóṣù láti ilé kọ̀ọ̀kan. Ní oṣù mẹ́ta, owó ìwé kan ti pé, a sì wá ẹni tó ń bọ̀ wálé láti òkè òkun tó bá wa gbé e sínú báàgì. Ìwé náà ń gbé ọ̀sẹ̀ kan nílé kọ̀ọ̀kan. Ilé tó bá ya á ni yóò lẹ̀ ẹ́. Bí a ṣe ń dá àjọ aṣọ ẹbí náà ni, kò sì sí ẹni tó máa wọ aṣọ yẹn ju ẹ̀ẹ̀mejì lọ.

Àwọn tí kò bá lè dúró de àjọ, Comic Republic wà ní Èkó, tí Jide Martin dá sílẹ̀ ní 2013. Tiwọn, orí íntánẹ́ẹ̀tì ni wọ́n ti kọ́kọ́ gbé e fún àwọn ènìyàn láti kà lọ́fẹ̀ẹ́. Guardian Prime ni akọni wọn àgbà, àwọ̀ ewé àti funfun ni aṣọ rẹ̀, bí àsíá wa. Wọ́n tún ní Hero Kekere fún àwọn ọmọdé. Ṣùgbọ́n ẹ kọ́kọ́ ka èyíkéyìí tí ẹ bá rí fúnra yín kí ẹ tó gbé e fún ọmọ. Kì í ṣe gbogbo ìwé alàwòrán ló wà fún ọmọdé.

Nígbà tí ojú ìwé ìlera ni mo sì ń kọ ọ̀rọ̀ sí, ẹ jẹ́ kí n ṣe iṣẹ́ mi. Bí ẹ bá fẹ́ lo fóònù fún ìwé kíkà, ẹ rántí pé Àjọ Ìlera Àgbáyé sọ ní 2019 pé ọmọ tí kò tíì pé ọdún méjì kò gbọ́dọ̀ máa wo fóònù tàbí tẹlifíṣàn rárá, àti pé ọmọ ọdún méjì sí mẹ́rin kò gbọ́dọ̀ ju wákàtí kan lọ lóòjọ́. Àwọn tó ti dàgbà ju bẹ́ẹ̀ lọ náà, ẹ gba fóònù lọ́wọ́ wọn kí wọ́n tó sùn, nítorí ìmọ́lẹ̀ rẹ̀ ń dí oorun lọ́wọ́. Ìdí nìyí tí mo fi fẹ́ràn ìwé bébà. Kò ní bátìrì, kò ní ìpolówó tó ń yọjú láàárín ìtàn.

Ewu kejì ni ti fífò. Ọmọ tó bá ti ka ìwé akọni á fẹ́ fò, ẹ má tan ara yín. Nílé wa, ọjọ́ kẹrin ni ọ̀kan gun orí odi pẹ̀lú aṣọ ìró ìyá rẹ̀ lọ́rùn. Ọlọ́run ló bá wa mú un. Ẹ jókòó pẹ̀lú wọn, ẹ sọ fún wọn pé ẹni tó ya àwòrán ló gbé akọni yẹn sókè, pé ẹni tó bá fò láti orí odi Ara, ilẹ̀ Ara ló máa gbà á. Ẹ má sì jẹ̀ẹ́ kí wọ́n so aṣọ mọ́ ọrùn rárá, nítorí bó bá há mọ́ ìlẹ̀kùn tàbí ẹ̀ka igi, ó lè fún ọmọ lọ́rùn. Bí wọ́n bá fi dandan lé e, ẹ fi òwú fẹ́lẹ́ rán an mọ́ èjìká ẹ̀wù, kó lè já bó bá há. Bí ọmọ bá ṣubú tí ọwọ́ rẹ̀ wú tàbí tó wọ́, ẹ má jẹ̀ẹ́ kí ẹnikẹ́ni fà á, ẹ má jẹ̀ẹ́ kí wọ́n fi igi dì í pinpin. Ẹ gbé ọwọ́ náà kọ́rùn jẹ́ẹ́jẹ́ pẹ̀lú gèlè, kí ẹ sì gbọ̀nà ọsibítù. Bí ìka bá tutù, tí àwọ̀ rẹ̀ ń yí padà, tàbí tí ọmọ ní òun kò mọ̀ ọ́n lára mọ́, ẹ má dúró de ilẹ̀ mọ́ rárá, torí ó lè jẹ́ pé ẹ̀jẹ̀ kò dé ibẹ̀ mọ́. Ọwọ́ tí wọ́n dì ní ìdìkudì ti sọ ọ̀pọ̀ ọmọ di alápá kan nílẹ̀ wa.

Ohun mẹ́ta ni mo fẹ́ kí ẹ bá mi ṣe. Bí ẹ bá dé ilé ìtàwé, ní Òṣogbo ni o, ní Ìbàdàn ni o, ẹ béèrè Ìyanu, bí wọ́n bá tilẹ̀ ní àwọn kò ní in, ẹ jẹ́ kí wọ́n gbọ́ orúkọ rẹ̀ lẹ́nu yín kí wọ́n lè mọ̀ pé ẹnì kan ń wá a. Bí ẹ bá lọ sí ìpàdé òbí àti olùkọ́, ẹ dìde kí ẹ bi wọ́n pé ìwé alàwòrán mélòó ló wà ní láíbìrì. Ẹ̀yin tí ẹ sì ní ìbátan lókè òkun, nígbà tí wọ́n bá bi yín pé kí làwọn máa rà bọ̀, ẹ fi bàtà sílẹ̀ lẹ́ẹ̀kan yìí.

Kí ẹni tó bá sì ní Powerman tàbí Atọ́ka nínú àpótí bàbá rẹ̀ kọ̀wé sí wa. Kò ní láti fi ránṣẹ́. Kó ṣáà sọ fún wa ohun tó wà nínú rẹ̀, èmi á kà á fún àwọn ọmọ agbo ilé wa. Èèpo ẹ̀yìn ìwé tó ya yẹn, a ti fi gọ́ọ̀mù lẹ̀ ẹ́ padà, ìwé sì wà nílé kẹfà báyìí. Lọ́sẹ̀ tó ń bọ̀, iyọ̀ àti magí.